Ohùn Màámi àti Géèmù Tó Ń Dákú

Ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni géèmù mi máa ń lò kó tó dákú. Tó bá di ìṣẹ́jú márùn-ún, àwòrán á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Tó bá di mẹ́fà, ohùn á máa já, á máa gbọ̀n bíi ti ẹni tí òtútù ń mú. Nígbà tó bá fi máa di mẹ́jọ, ojú fóònù á funfun báláú, búráúsà á wá sọ fún ọmọ tó ń fi ṣeré pé kó tún un ṣí. Mo fi aago wọ̀n ọ́n títí tí aago ọ̀hún gan-an fi ń bí mi nínú.

Kì í ṣe pé géèmù náà le tàbí pé ó tóbi. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà, inú búráúsà lèèyàn ti ń ṣí i, kò sí pé à ń gbé nǹkan kan sórí fóònù. Àwòrán mẹ́rin á jáde, bí àgùntàn, ìgbálẹ̀, abẹ́rẹ́ àti àkàbà, ohùn obìnrin kan á wá béèrè pé, "Èwo ni àkàbà?" Ọmọ á fi ìka tẹ èyí tó rò pé ó jẹ́. Tó bá gbà á, obìnrin yẹn á yìn ín. Màámi lobìnrin náà.

Ilé ìwé kékeré kan ní Kuje tó wà nítòsí Festac ni màámi ti ṣe tíṣà, kíláàsì kejì ni wọ́n sì kọ́ títí tí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni gẹ̀gẹ̀ yọ lọ́rùn wọn. Dókítà ní àfi kí wọ́n gé e, ó sì bá wa sòótọ́ ọ̀rọ̀ pé nígbà míì, tí wọ́n bá gé e tán, ohùn èèyàn kì í padà sí bó ṣe wà. Ọ̀rọ̀ yẹn kó mi láyà sókè. Kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé, mo ti màámi mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ nínú fúláàtì wa ní Festac, aṣọ lọ́tùn-ún, aṣọ lósì, torí pé jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò kò jẹ́ ká gbádùn. Mo gbé makirofóònù síwájú wọn, mo ní kí wọ́n máa sọ̀rọ̀. Wọ́n ní òórùn kànfọ̀ fẹ́ pa àwọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n wúkọ́, wọ́n bú mi, gbogbo rẹ̀ ni mo gbà sílẹ̀. Mo ní kí wọ́n sọ ìyìn kan ṣoṣo tí a ó máa lò fún gbogbo ọmọ, wọ́n kọ̀ jálẹ̀.

"Ọmọ tó mọ̀ ọ́n lẹ́ẹ̀kan náà àti èyí tó gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó mọ̀ ọ́n, ṣé ìyìn kan náà ni wọ́n máa gbà ni?"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ ìyìn bí ogójì, kò sí méjì tó jọra. Iṣẹ́ abẹ lọ dáadáa, gẹ̀gẹ̀ lọ. Ohùn náà bá a lọ. Èyí tó ṣẹ́ kù kò ju ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lọ. Àfi kéèyàn pa fáànù kó tó gbọ́ ohun tí màámi ń sọ.

Nígbà tí mo ṣe géèmù náà tán, mo gbé e lọ bá àǹtí tó ni ilé ìwé ọ̀hún. Inú wọn dùn. Wọ́n ní àwọn fóònù àlòkù tí àwọn òbí fi ta ilé ìwé lọ́rẹ, wọ́n ní ká fi kọ́ àwọn ọmọ ní píríọ́dù Yorùbá. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, gbogbo fóònù dákú lọ́kọ̀ọ̀kan lójú mi. Ọmọbìnrin kan bú sẹ́kún torí ó rò pé òun ló bà á jẹ́. Ìtìjú bá mi débi pé n kò lè wo ojú àǹtí.

"Wò ó, ọmọ mi," àǹtí ní, "ó wù mí kí ohùn mọ́mì ẹ padà sínú kíláàsì yìí. Ṣùgbọ́n mi ò lè máa fi píríọ́dù àwọn ọmọ ṣòfò. Gbé e wá ní Fráídè. Tó bá tún háǹgì, ìwé la máa padà sí o."

Mo délé, màámi béèrè bó ṣe lọ. Mo ní ó lọ dáadáa. Mo parọ́ fún wọn lójú kòrókòró, mo sì wọ yàrá lọ.

Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n kan ní Raji Rasaki Estate, tí a ti jọ ṣiṣẹ́ rí, ẹni tó mọ kóòdù jù mí lọ dáadáa. Wọ́n wo géèmù náà títí, wọ́n mi orí.

"Ohùn ló ń jẹ mẹ́mórì fóònù tán, àbúrò. Ó ti pọ̀ jù. Gé gbogbo ìyìn yẹn dànù, fi 'Káre' nìkan sílẹ̀. Àbẹ́ẹ̀gì, ṣé ìwàásù ni mọ́mì yìí ń ṣe ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, màámi ni o."

"Háà! Sọ́rì, má bínú. Mi ò mọ̀." Wọ́n tún wo géèmù náà. "Ṣùgbọ́n ohùn náà ṣì ni."

Tìbínú-tìbínú ni mo fi kúrò níbẹ̀. Ohun tó wá dùn mí jù ni pé mo délé, mo sì ṣe ohun tí wọ́n wí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìyìn màámi lọ́kọ̀ọ̀kan. "Káre, ọmọ mi, orí ẹ pé, jókòó." Mo yọ ọ́. "Ṣé o ti rí i? Mo ní o mọ̀ ọ́n. Ó yá, jókòó." Mo yọ ìyẹn náà. Bí mo ṣe ń yọ wọ́n lọkàn mi ń gbọgbẹ́, àfi bí ẹni pé èmi gan-an ni mo gbé ọ̀bẹ dání lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ. Nígbà tí mo yọ gbogbo ẹ̀ tán, géèmù lo ìṣẹ́jú mọ́kànlá, ó tún dákú. Ká ní mo fara balẹ̀ ni, ǹ bá ti mọ̀ pé kì í ṣe ibẹ̀ ni àrùn wà. Ṣùgbọ́n onínúfùfù ni mí, ìbínú ni mo fi ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn.

Lọ́sàn-án Wẹ́sídeè, màámi gbé ẹ̀pà sísè wọlé, wọ́n bá mi nídìí géèmù. Wọ́n jókòó tì mí, wọ́n fi ìka tẹ àwòrán àkàbà. Ohùn tí wọ́n ní tẹ́lẹ̀ jáde: "Káre." Wọ́n ń retí ìyókù. Wọ́n tún tẹ òmíràn. "Káre." Wọ́n yíjú sí mi.

"Èyí tó kù ńkọ́?"

Kò síná, fáànù kò ṣiṣẹ́, mo sì gbọ́ wọn yékéyéké. N kò lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Mo jẹ́wọ́. Mo sọ ti ilé ìwé, ti irọ́ tí mo pa, ti Fráídè, ti àwọn ìyìn tí mo yọ. Mo rò pé wọ́n máa bú mi. Wọ́n kàn bó ẹ̀pà kan, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n ní, "Ṣàlàyé bí nǹkan yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ fún mi. Ṣe bí ẹni pé kíláàsì kejì ni mo wà."

Mo ṣàlàyé. Mo ní ojúlówó ohùn wọn wà nípamọ́ nínú géèmù. Bí ọmọ bá ti tẹ àwòrán, géèmù á ṣe ẹ̀dà ohùn náà, á tú u sílẹ̀ fẹ̀ẹ̀ nínú mẹ́mórì, ẹ̀dà yẹn ló ń sọ̀rọ̀. Níbẹ̀rẹ̀, tí ọmọ bá yára tẹ nǹkan míì, ohùn màámi á gé lójijì: "Ọmọ m—", "Orí ẹ—". Kò bá mi lára mu rárá. Ẹni tí màámi bá tọ́ dàgbà kò jẹ́ já lu ọ̀rọ̀ àgbà. Wọ́n á kàn wò ọ́ lásán ni, wàá panu ẹ mọ́. Nítorí náà, mo kọ ọ́ sínú kóòdù pé bí ohùn kan bá ti bẹ̀rẹ̀, ohunkóhun kò gbọ́dọ̀ dá a dúró. Mo ṣe àkọsílẹ̀ kan tó ń di gbogbo ẹ̀dà mú, kí kálukú sọ tiẹ̀ délẹ̀ kí èyí tó kàn tó bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé ọ̀wọ̀ ni mo ń bù fún wọn.

"Tí ẹ̀dà kan bá wá sọ tiẹ̀ tán ńkọ́?" màámi béèrè.

"Ó parí nìyẹn, mà."

"Níbo ló ń lọ?"

Mo yíjú sí kóòdù ọ̀hún. "Ibẹ̀ náà ló wà."

"Kí ló ń ṣe níbẹ̀?"

"Kò ṣe nǹkan kan."

Èjìká màámi bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín nìyẹn láti ìgbà tí kò ti sí ohùn. Wọ́n ní, "Nínú kíláàsì mi, tí mo bá pe ọmọ, á dìde, á dáhùn. Tí mi ò bá tíì ní kó jókòó, ìdúró ló máa wà. Ọjọ́ kan wà tí mo gbàgbé ọmọ kan sórí ìdúró títí wọ́n fi lu agogo ìsinmi. Kò ráhùn, ó kàn ń wò mí ṣáá." Wọ́n na ìka sí kọ̀ǹpútà. "Àwọn tìẹ yìí, ta ló ní kí wọ́n jókòó?"

Mo ṣí irinṣẹ́ tí búráúsà fi ń fi ohun tó wà nínú mẹ́mórì hàn. Mo ti ṣí i tẹ́lẹ̀, àmọ́ ìlà tó ń gòkè láìsọ̀ kalẹ̀ nìkan ni mo ń wò tí mo ń pòṣé sí. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ka àwọn ẹ̀dà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n ti lé ní igba. Màámi tó lé ní igba ló dúró nínú géèmù kékeré kan, wọ́n ti sọ̀rọ̀ tán, wọ́n ń retí ẹni tó máa ní kí wọ́n jókòó. Ẹ̀rín pa mí, omi sì ń bọ́ lójú mi.

Àtúnṣe náà kò ju ìlà mélòó kan lọ. Bí ẹ̀dà bá ti sọ̀rọ̀ tán, kí géèmù yọ ọ́ kúrò nínú àkọsílẹ̀, kó já a kúrò lára ohun tó ń gbé ohùn jáde, kí búráúsà lè gbá a kúrò. Kí géèmù má sì máa tú ojúlówó kọ̀ọ̀kan ju ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ. Mo kọ ọ́ tán, n kò wá lè tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀rù bà mí. Láti ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, n kò tíì pa ohunkóhun tí ohùn màámi wà nínú rẹ̀ rẹ́, títí kan ikọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Àwọn ìyìn tí mo yọ pàápàá, inú fódà míì ni mo tọ́jú wọn sí.

"Tó bá jókòó, ṣé ó máa sọ nù ni?" màámi béèrè.

"Rárá, mà. Ojúlówó wà níbẹ̀."

"Wá jẹ́ kí wọ́n sinmi, jàre."

Mo tẹ ẹ́. Mo dá gbogbo ìyìn padà sáyè wọn. Ìlà ọ̀hún gòkè, ó sọ̀, ó tún gòkè, ó tún sọ̀. Èmi àti màámi ń gba ọwọ́ ara wa tẹ àwòrán, à ń jẹ ẹ̀pà, títí tí wákàtí kan fi kọjá. Bátìrì kọ̀ǹpútà ló kọ́kọ́ kú.

Ní Fráídè, màámi ní àwọn á bá mi lọ. Wọ́n wọ bàtà tí wọ́n fi ń lọ síbi iṣẹ́ láyé ijọ́hun, a wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí Kuje. Àǹtí gbé àga fún wọn, wọ́n ní rárá, wọ́n lọ dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn, wọ́n kó ọwọ́ sẹ́yìn. Àwọn ọmọ tó wà ní kíláàsì kejì báyìí kò mọ̀ wọ́n. A pín fóònù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo aago.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ tí n kò rò tẹ́lẹ̀. Bí ohùn inú fóònù ṣe béèrè pé, "Èwo ni àgùntàn?" ni ọmọ tó gbé fóònù dání dìde. Kò sẹ́ni tó ní kó dìde. Lójú tiẹ̀, tíṣà ló pè é. Orí ìdúró ló ti tẹ àgùntàn. "Káre, ọmọ mi, orí ẹ pé, jókòó." Ó jókòó. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dìde. Mo rántí pé "jókòó" yìí wà lára ohun tí mo pè ní àpọ̀jù tí mo sì gé kúrò, ojú tì mí. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ pé, àǹtí wò mí. Ó di mẹ́sàn-án. Ó di mọ́kànlá. Píríọ́dù parí, kò sí fóònù kan tó dákú.

"Ó ti dúró nìyẹn," àǹtí ní. "Gbogbo Fráídè la ó máa lò ó." Wọ́n yíjú sí àwọn ọmọ. "Ẹ kí màmá. Àwọn ló ń bá yín sọ̀rọ̀ nínú fóònù yẹn."

Gbogbo kíláàsì dìde gìrì. "Ẹ káàárọ̀ mà!" Wọ́n kọjú sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n dúró.

Màámi lanu. Ètè wọn ń mì, ṣùgbọ́n fáànù òkè ń pariwo, kò sẹ́ni tó gbọ́ nǹkan kan. Àwọn ọmọ ń wò wọ́n, wọ́n ṣì dúró. Mo ti na ọwọ́ sí fóònù kan, pé kí n tẹ ẹ́ kó bá wọn sọ ọ́. Mo fi í sílẹ̀, mo lọ pa fáànù.

Kíláàsì pa lọ́lọ́.

"Ẹ káre," màámi ní, wúyẹ́wúyẹ́. "Ẹ jókòó."

Gbogbo wọn jókòó. Èmi náà wá àga, mo jókòó.