Ọjọ́ tí Rodo Dọ̀bálẹ̀ fún Màmá

Òórùn dòdò tó ń jóná ni mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́ tí mo bá rántí àárọ̀ yẹn, nítorí mo ti gbàgbé pé nǹkan wà lórí iná. Mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn kíṣìnì nílé ẹ̀gbọ́n mi ní Glenn Dale, mo ká aṣọ ìnuwọ́ sẹ́nu kí ẹ̀rín má baà bú jáde, mo ń yọjú wo kọ́ríndọ̀. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin méjèèjì ti nà gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n dojú bolẹ̀, ti àwọn ti báàgì iléèwé lẹ́yìn, ọmọlangidi kan tó wọ aṣọ pupa wà láàárín wọn, òun náà dojú bolẹ̀. Ilẹ̀kùn yàrá Màmá, ìyá ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, sì ń ṣí. Ọ̀rẹ́ mi, inú mi dùn, ẹ̀rù sì ń bà mí pẹ̀lú, nítorí mi ò mọ ohun tí Màmá máa sọ.

Jẹ́ kí n ti ìbẹ̀rẹ̀ bọ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde girama n'Íbàdàn ni, ẹ̀gbọ́n mi mú mi wá sí Mẹ́rílàǹdì kí n lè máa bá a wo àwọn ọmọ, nítorí nọ́ọ̀sì ni, iṣẹ́ alẹ́ ló sì ń ṣe. Ayé fóònù tó ń ṣẹ́ po ni, ayé tí èèyàn gbọ́dọ̀ ra káàdì ní ṣọ́ọ̀bù kó tó lè gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ nílé. Ìgbà yẹn náà ni ọmọlangidi yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ gbòde. Tí Kérésì bá ti ń sún mọ́lé, òbí á gbé e jókòó síbì kan, wọ́n á sọ fọ́mọ pé ìránṣẹ́ Bàbá Kérésì ni, pé ó wá ṣọ́ ìwà wọn, pé lálaalẹ́ ló ń fò lọ jíṣẹ́, tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, á ti padà dé, á sì ti jókòó síbòmíràn. Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Tí èèyàn bá fọwọ́ kàn án, agbára rẹ̀ lọ nìyẹn. Àwọn ọmọ sọ tiwa ní Pẹ́pà nítorí aṣọ pupa. Màmá ní kí nìyẹn túmọ̀ sí, wọ́n ní ata ni, Màmá ní èwo nínú ata, bó ṣe di Rodo nìyẹn.

Èmi ni mò ń gbé Rodo káàkiri. Tí mo bá jí ní ìdájí, kí n tó gbé omi ọ́ọ̀tì kaná, ibi tí Rodo máa wà ni mo kọ́kọ́ ń rò. Mo gbé e sínú ike gààrí, mo fi ṣíbí sí i lọ́wọ́ bí ẹni tó ń wa ọkọ̀ ojú omi. Mo fi í gun agolo mílíìkì nínú fíríìjì, mo fi ìbọ̀sẹ̀ ọmọ wé e lórí nítorí òtútù. Ọjọ́ kan tí mo gbé e sétí ìkòkò ọbẹ̀, ó já sínú rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má ṣe jẹ́ kí ìránṣẹ́ Bàbá Kérésì lọ máa rùn bí irú. Èyí ẹ̀gbọ́n nínú àwọn ọmọ, ọmọ ọdún méje, ló ń fura. Láràárọ̀ ló ń tẹjú mọ́ mi pé, "Àǹtí, ṣé ẹ̀yin lẹ gbé e síbẹ̀?" Èmi á ní rárá o, màá sì yára yíjú síbi ààrò. Kí n má parọ́ fún ẹ, mo gbádùn nǹkan yẹn ju àwọn ọmọ tí mò ń ṣe é fún lọ.

Àmọ́ ọdún yẹn kì í ṣe ọdún eré nìkan. Màmá ti Ọ̀yọ́ wá, ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn. Láràárọ̀ táwọn ọmọ bá ń lọ síbi bọ́ọ̀sì iléèwé, wọ́n á gba ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ kọjá, wọ́n á ju ọwọ́ sókè, wọ́n á ní, "Háì, Grandma." Màmá á wò wọ́n títí wọ́n á fi jáde. Á ní, "Háì. Ṣé èmi àti yín la jọ ń lọ iléèwé ni?" Ẹ̀gbọ́n mi bá wọn wí, ó bẹ̀ wọ́n, ó jágbe mọ́ wọn. Ọmọ ọdún méje yìí ní òun ò ní kúnlẹ̀, pé ẹni tó bá ṣẹ̀ ni wọ́n ń ní kó kúnlẹ̀, kí lòun ṣe? Òótọ́ ló sọ. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí bàbá rẹ̀ ní kó kúnlẹ̀ rí, ọjọ́ tó da omi sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n ni, ó sì gbé ọwọ́ sókè pẹ̀lú.

Ni Màmá bá di báàgì onítáyà rẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ó ní tí ọmọ òun bá ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kejì, kó gbé òun lọ sọ́dọ̀ ọmọ òun obìnrin ní Oxon Hill, ibẹ̀ lòun á ti ṣọdún. Kò jà, kò pariwo. Ó ní, "Ilé yìí dáa. Ó móoru, oúnjẹ ń bẹ. Àmọ́ kò sí ọmọ-ọmọ mi kan tó bi mí pé ṣé mo jí." Ẹ̀gbọ́n mi sunkún lórí ìkòkò ìrẹsì. Ó ní tí Màmá bá fi lè kúrò nílé òun ṣáájú ọdún, ojú wo lòun fẹ́ gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á ní ìyàwó ló lé ìyá ọkọ.

Mi ò lè sọ pé mo ronú sí i dáadáa. Rodo wà lọ́wọ́ mi ní ìdájí, mò ń wá ibi tí n ó gbé e sí, ojú mi lọ sára báàgì yẹn, mo bá na Rodo sílẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn Màmá, mo da àyà rẹ̀ délẹ̀, mo lọ ń dín dòdò mi. Nígbà táwọn ọmọ sọ̀kalẹ̀, èyí àbúrò ló kọ́kọ́ rí i. Òyìnbó ni wọ́n fi ń bi mí, Yorùbá ni mo fi ń dá wọn lóhùn, bá a ṣe máa ń ṣe é nìyẹn.

"Àǹtí, ó ti kú ni?"

"Kò kú. Ó ń kí Màmá ni."

"Kí ló ṣe?" Èyí ẹ̀gbọ́n nìyẹn.

"Kò ṣe nǹkan kan. Ó ti dé ilé yìí tipẹ́, kò tíì kí ẹni tó dàgbà jù níbẹ̀."

"Ìgbà wo ló máa dìde?"

"Ìgbà tí Màmá bá ní kó dìde."

Ó dúró, ó ń rò ó. Ẹnikẹ́ni ò lè fọwọ́ kàn án kó gbé e dìde, òun náà ò sì lè mira níṣojú èèyàn. Ó wá sọ fún àbúrò rẹ̀ pé ojú á máa ti Pẹ́pà tó bá dá wà nílẹ̀ níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe nà nìyẹn, tòun ti jákẹ́ẹ̀tì òtútù, ọ̀kan lọ́tùn-ún ọ̀kan lósì, bí ọkọ ìyàwó àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó rántí pé ọkùnrin ni Rodo, ọmọbìnrin kì í dọ̀bálẹ̀. Mo sá wọ kíṣìnì.

Màmá jáde, ó fi ṣáàlì bo èjìká. Ó wolẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá." Inú kápẹ́ẹ̀tì ni èyí ẹ̀gbọ́n sọ ọ́ sí, ohùn rẹ̀ dà bí tẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Ó wá fi èyí tó ń gbọ́ lẹ́nu mi láràárọ̀ kún un. "Ṣé ẹ jí dáadáa?"

Màmá di ara ilẹ̀kùn mú. "Ṣé ìyàwó lẹ wá tọrọ ni? Mi ò ní ọmọ tí mo fẹ́ fún yín o." Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí a ò tíì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ látìgbà tó ti dé, ẹ̀rín tó mú kó fi ṣáàlì nu ojú. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan orí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Dìde, Àjọkẹ́. Dìde, Àbẹ̀kẹ́ mi."

Èyí ẹ̀gbọ́n gbórí sókè. "Ta ni Àjọkẹ́?"

"Ìwọ ni. Orúkọ tí mo ń pè ọ́ láti Ọ̀yọ́ látọjọ́ tí wọ́n ti bí ẹ nìyẹn. O ò kí mi rí, ibo ni mo fẹ́ ti pè é?"

Bọ́ọ̀sì fun fèrè níta, wọ́n sáré lọ. Mò ń gbọ́ èyí ẹ̀gbọ́n tó ń sọ ọ́ lábẹ́ ahọ́n bó ṣe ń lọ, Àjọkẹ́, Àjọkẹ́. Màmá wo Rodo nílẹ̀, ó ní kí òun náà dìde, Rodo ò mira. Ó wá yíjú sí kíṣìnì tí èéfín ti ń jáde.

"Ta ló kọ́ eléyìí ní ìdọ̀bálẹ̀?"

Mo kúnlẹ̀. "Ó lè jẹ́ Bàbá Kérésì, Màmá."

"Á jẹ́ pé ará Ọ̀yọ́ ni Bàbá Kérésì. Lọ wo dòdò ẹ."

Mo gbé Rodo padà sórí pẹpẹ nígbà tí wọ́n wà níléèwé. Àmọ́ báàgì yẹn ò kúrò níbi tó wà. Nírọ̀lẹ́, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ti ibi iṣẹ́ dé, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò lè jókòó. Màmá ní ẹsẹ̀ ń ro òun, ó dọ̀la. Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ ni tàbí nǹkan míì. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó fẹ́ pe àwọn ọmọ kó kọ́ wọn bí obìnrin ṣe ń kí èèyàn, Màmá ní kó fi wọ́n sílẹ̀. "Bí wọ́n ṣe fi kí mi, bẹ́ẹ̀ ni mo gbà á."

Ọmọ ọdún méje ọjọ́sí ti di obìnrin tó ń lọ síbi iṣẹ́. Tó bá pe Màmá lórí fóònù, kì í sọ nǹkan tó torí ẹ̀ pè títí yóò fi gbọ́ Àjọkẹ́ tirẹ̀. Mo ti rò ó lọ, mo ti rò ó bọ̀. Gbogbo wa là ń sọ fún ọmọ yẹn pé kó fún àgbà ní nǹkan. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé òun náà ní nǹkan tó máa gbà.

Ṣùgbọ́n nígbà yẹn, báàgì nìkan ni mò ń rò. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ń mọ́ bọ̀, mo sọ̀kalẹ̀ wá mú Rodo, Rodo ò sí lórí pẹpẹ. Báàgì Màmá ni mo bá ní ṣíṣí láàárín kọ́ríndọ̀, òfìfo, kò sí aṣọ kan nínú rẹ̀. Rodo ló sùn síbẹ̀, wọ́n ká ìbọ̀sẹ̀ sábẹ́ orí rẹ̀, wọ́n fi gèlè Màmá bò ó dé ọrùn.

Ohùn Màmá ti inú yàrá wá. "Wá bá mi wo nǹkan. Mo fẹ́ máa lọ, ẹnì kan ti lọ sùn sínú báàgì mi. Ṣé ẹ ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án?"

"Ẹnikẹ́ni, Màmá."

"Ó ga o," ló wí, mo sì gbọ́ ọ tó yí padà lórí bẹ́ẹ̀dì.

Mo sáré gun àtẹ̀gùn ní méjì méjì, mo lọ jí àwọn ọmọ pé kí wọ́n wá wo ibi tí Rodo sùn. Èyí ẹ̀gbọ́n dúró lórí báàgì náà, ó wò ó, ó wò mí, ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ̀yin lẹ gbé e síbẹ̀?" Mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, mo wò ó lójú kòró, mo sì búra fún un pé kì í ṣe èmi.