Àpótí Mẹ́tàdínlógún Tí A Kò Gbọdọ̀ Ṣí

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tàbí kí n sọ pé nígbà tí àwọn àgbà ṣì ń pè mí ní ọmọdé, nítorí ọmọ ọdún mẹ́tàlá mọ púpọ̀ nínú ohun tí ó ń ṣe, iṣẹ́ tí kíláàsì wa fi ń parí ọ̀sẹ̀ ni kí a máa nu eruku ara àpótí ìjọba. Ìlú Ọ̀yọ́ ni mo ti ka ìwé sẹ́kọ́ńdìrì, ní àwọn ọdún tí ó gbẹ̀yìn kí a tó wọ 1990. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi yóò rántí ẹ̀kọ́ tuntun tí wọ́n pè ní Íńtírò-Tẹ́ẹ̀kì, tí wọ́n ní gbogbo ọmọ gbọ́dọ̀ kọ́ kí orílẹ̀-èdè wa lè máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan. Torí ẹ̀kọ́ yìí ni wọ́n fi kó àpótí mẹ́tàdínlógún wá fún ilé-ẹ̀kọ́ wa láti òkè òkun.

Pákó funfun ni wọ́n fi kan àwọn àpótí náà. Òmíràn nínú wọn gùn tó ènìyàn, irin pẹlẹbẹ sì dì wọ́n ní àmùrè. Ìwé tí ó lẹ̀ mọ́ wọn lára sọ pé ẹ̀rọ tí a fi ń yẹ rédíò wò láti mọ ibi tí ó ń ṣe é ni ó wà nínú wọn. Ìwé náà nìkan ni ẹlẹ́rìí wa, nítorí kò sí ẹni tí ó rí inú wọn rí. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, kí àwọn mùsùlùmí inú wa tó lọ kírun Jímọ̀, a ó ti àkísà bọ inú kẹrosíìnì, a ó fi nu àpótí kọ̀ọ̀kan nítorí ikán. Òórùn kẹrosíìnì náà kì í kúrò ní ọwọ́ bọ̀rọ̀. Bí a bá ra gúgúrú àti ẹ̀pà lẹ́yìn iṣẹ́, bí ẹni ń jẹ òwú àtùpà ni.

Àwọn kíláàsì yòókù kò jẹ́ kí a gbádùn. Bí wọ́n bá ń kọjá lẹ́bàá fèrèsé, wọn a ní, "Ẹ kú ìtọ́jú òkú o, ẹ̀yin asìnkú! Ìgbà wo lẹ fẹ́ sin ín gan-an?"

Ràájí, tí ó jókòó tì mí ní kíláàsì, ni ó máa ń dá wọn lóhùn. "Ẹ mú abọ́ yín wá, a ó pín sàráà tó bá di ìrọ̀lẹ́."

N kò fẹ́ kí ẹ rò pé ènìyàn burúkú ni ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ wa. Wọ́n fẹ́ràn àwọn àpótí náà ni. Ẹni tí ó bá fi ìdí kan ọ̀kan nínú wọn láti jókòó, yóò kúnlẹ̀ sínú oòrùn, yóò na ọwọ́ méjèèjì sókè títí agogo oúnjẹ yóò fi lù. "Bí ẹ bá ti ṣí i, ó ti di àlòkù nìyẹn," ni wọ́n máa ń wí. "Ẹ jẹ́ kí iná ó dúró dáadáa ná." Ní ọdọọdún àwọn aṣàyẹ̀wò yóò ti Ìbàdàn wá, wọn yóò ka àpótí náà, yóò pé mẹ́tàdínlógún, wọn yóò mu mínírà tútù, wọn yóò sì yin ọ̀gá àgbà pé wọ́n mọ ìtọ́jú ohun ìjọba.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin ni mo ń gbé ní àkókò náà, nítorí Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí mi wà, lápá Sábó. Ìyá Ọ̀yọ́ ni a ń pè wọ́n. Róbó ni wọ́n ń dín tà, èmi ni mo sì ń bá wọn gún ẹ̀gúsí kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọ́n ní rédíò kan tí kò sọ̀rọ̀ fún ohun tí ó lé ní ọdún kan. Ìkéde òkú ni wọ́n máa ń fi gbọ́, kí wọ́n lè mọ ẹni tí wọn yóò lọ bá kẹ́dùn. Lẹ́yìn tí rédíò náà dákẹ́, ọ̀rẹ́ wọn kan kú ní Ìrẹsà, wọ́n sin ín, wọ́n ṣe ogójì ọjọ́ rẹ̀, kí Ìyá Ọ̀yọ́ tó gbọ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń wo rédíò náà bí ẹni ń wo ọmọ tí ó já wọn kulẹ̀.

Ní sáà kejì ni Tíṣà Adégòkè dé. Yunifásítì ni wọ́n ti ń bọ̀ tààrà, wọ́n gbẹ bí ọ̀pá ẹ̀fọ́, ṣẹ́ẹ̀tì méjì péré ni wọ́n sì ní. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, lẹ́yìn tí ilé-ẹ̀kọ́ jáde, wọ́n kó wa wọ inú yàrá àpótí, wọ́n ní, "Bí ènìyàn bá ra ọkọ́ tí kò fi roko, kí ni ó rà?"

Ràájí ní, "Ó ra irin, sà."

Tíṣà rẹ́rìn-ín. Wọ́n mú irin ìyọṣó, wọ́n sì ṣí àpótí kan. Mo gbọ́ bí ìṣó ṣe ń ké. Òórùn ọ̀dà tuntun àti ti èérún igi tú jáde, ó bo ti kẹrosíìnì wa mọ́lẹ̀. Ẹ̀rọ aláwọ̀ eérú kan ni ó wà nínú rẹ̀, ó ní bọ́tìnnì rìbìtì kan tí ó tóbi tó ìdérí àwo ọbẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà wínníwínní yí i ká. Siginá jẹnẹrétọ̀ ni orúkọ rẹ̀; kì í ṣe irú èyí tí ń pèsè iná, ìró tí a fi ń yẹ rédíò wò ni ó ń pèsè. Tíṣà ní kí olúkúlùkù wa mú rédíò tí ó bàjẹ́ wá láti ilé.

Ní Ọjọ́rú mo ru rédíò Ìyá Ọ̀yọ́ wá nínú agbọ̀n. Iná wà ní ọjọ́ náà. Tíṣà Adégòkè so ẹ̀rọ náà mọ́ iná, wọ́n tú ẹ̀yìn rédíò, wọ́n sì ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń ṣe. Wọ́n ní bí ìgbà tí ènìyàn bá wọ agboolé kan tí ó ń ké "àgò" láti yàrá dé yàrá ni. Ẹ̀rọ yìí ni yóò máa ké àgò. Níbi tí rédíò bá ti dáhùn, ara yàrá yẹn le. Níbi tí kò bá sí ìdáhùn, ibẹ̀ ni àìsàn wà. Wọ́n fi ẹnu wáyà kan ibì kan, rédíò Ìyá Ọ̀yọ́ han fììì. Wọ́n fi kan ibòmíràn, ó tún han. Nígbà tí wọ́n fi kan ibi kẹrin, ó dákẹ́. Wáyà tíńrín kan ni ó ti já níbẹ̀. Wọ́n fi irin gbígbóná àti òjé lẹ̀ ẹ́ padà. Lójijì ohùn ọkùnrin kan bú jáde nínú rédíò náà, ó ń ka ìròyìn. A pariwo débi pé àwọn ẹyẹ fò kúrò lórí òrùlé.

Ìyá Ọ̀yọ́ fún mi ní róbó mẹ́wàá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n gbé rédíò sí etí, wọ́n ń mi orí bí ẹni ń gbọ́ àlàyé ibi tí ọmọ rẹ̀ ti lọ.

Ní Ọjọ́bọ̀ ó kàn mí láti yí bọ́tìnnì náà. Tíṣà ti ṣèlérí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àkókò tó, Ràájí ni wọ́n pè, bóyá nítorí pé ó sún mọ́ iwájú, bóyá nítorí pé ọkùnrin ni. Kí ó tó kàn mí, iná lọ. Tíṣà ní, "Má bínú, ọ̀la ni tìrẹ."

Kò sí ọ̀la kankan. Ohun tí mo rántí nípa ọjọ́ Ẹtì náà, tí mo sì ti ń sọ fún ènìyàn láti ìgbà náà, nìyí: ọ̀gá àgbà rí ìṣó nílẹ̀, wọ́n pè mí wọ ọ́fíìsì wọn, wọ́n fi pàṣán nà mí mẹ́fà ní ẹ̀yìn, mo sì jẹ́wọ́ ẹni tí ó ṣí àpótí. Mo rántí bí Ìyá Ọ̀yọ́ ṣe gbọ́ nílé. Wọ́n pa rédíò. Wọ́n ní, "Ẹni tó tún rédíò mi ṣe náà lo lọ fẹjọ́ rẹ̀ sùn?"

Mo ní, "Wọ́n nà mí ni, mà."

Wọ́n ní kí n yí ẹ̀yìn padà kí àwọn fi òrí pa á. Wọ́n ṣí ẹ̀wù mi, wọ́n wo ẹ̀yìn mi, ó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n fi òrí pa á.

Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, wọ́n ti gbé Tíṣà Adégòkè lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní agbègbè Ìkòyí-Ilé, níbi tí kò sí òpó iná kan ṣoṣo. Ẹ̀sùn wọn ni pé wọ́n tú ẹrù ìjọba láìgba àṣẹ. Káfíńtà wá kan àpótí náà padà, a sì ń fi kẹrosíìnì nù ún lọ títí mo fi jáde. Nínú ìdánwò àṣejáde, wọ́n ní kí a ya àwòrán siginá jẹnẹrétọ̀, kí a sì dárúkọ ẹ̀yà ara rẹ̀. Mo yà á dáadáa. Máàkì tí mo gbà pọ̀.

Bóyá ìdí nìyí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wẹ́bsáìtì kan ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àṣenàjú lásán, lórí àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ tí a fi ń yẹ rédíò wò. Mo ń kó àwòrán wọn jọ, mo ń fi Yorùbá ṣàlàyé iṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí ó ń kà á kò pọ̀. Ọkùnrin kan kọ̀wé sí mi láti òkè òkun pé ṣé n kò mọ ibi tí òun ti lè rí èyí tí wọn kò tíì ṣí nínú àpótí rẹ̀ rí, pé irú rẹ̀ níye lórí ju èyí tí a ti lò lọ. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ọ̀gá àgbà wa mọ ọjà ju bí a ti rò lọ.

Lábẹ́ àwòrán siginá jẹnẹrétọ̀, mo fẹ́ kọ ìtàn Tíṣà Adégòkè bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí, pẹ̀lú pàṣán mẹ́fà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ń palẹ̀ ẹrù ìyá mi mọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo rí ìwé kan tí mo máa ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ sí nígbà náà. Mo ṣí i sí ọjọ́ Ẹtì yẹn. Ìlà kan ṣoṣo ni mo kọ: "Lónìí ọ̀gá àgbà yìn mí níbi ìtò òwúrọ̀, wọ́n ní ọmọ olóòótọ́ ni mí."

Níbi ìtò òwúrọ̀. Ìyẹn ni pé mo ti sọ ọ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ tó wọlé rárá. Mo wá gbogbo ìwé náà, n kò rí pàṣán níbẹ̀. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi pé kí ló dé tí mo rántí òórùn òrí náà, tí n kò sì rántí pé ó ta mí lára. N kò lè búra mọ́. Ó ṣeé ṣe kí n ti hùmọ̀ ọ̀rọ̀ pàṣán náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn láti fi dá Ìyá Ọ̀yọ́ lóhùn, kí n sì ti gbà á gbọ́ láti ìgbà náà. Ó tún ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé torí bọ́tìnnì kan tí wọn kò jẹ́ kí n yí ni mo fi ba iṣẹ́ ènìyàn jẹ́.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá mo gun ọ̀kadà láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Ìkòyí-Ilé. Wọ́n fi ilé Tíṣà Adégòkè hàn mí. Wọn kò kúrò níbẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹ́yàwó, tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n jókòó sábẹ́ igi, wọ́n ń ṣa iṣu tí ó ti ń rà kúrò lára èyí tí ó dára. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, mo sọ ẹni tí mo jẹ́, mo sì sọ ohun tí mo ṣe.

Wọ́n wò mí títí. "Ìwọ náà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ràájí ti wá. Ó ti di Alhaji, ó gbé àpò ìrẹsì kan wá, ó ní òun ni. Ọmọkùnrin kan tó ń ṣe ṣọ́jà náà wá, n ò tiẹ̀ dá a mọ̀, òun náà ní òun ni. Ìwọ ni ìkẹta." Wọ́n ju iṣu kan sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ẹ̀yin mélòó ni mo kọ́ ní kíláàsì yẹn gan-an?"

"Méjìdínlógójì, sà."

"Ó ku márùndínlógójì."

N kò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí, sà."

Wọ́n ní, "Mo ti gbọ́," wọ́n sì tún mú iṣu mìíràn. Mo yọ fóònù, mo fi wẹ́bsáìtì mi hàn wọ́n. Nígbà tí wọ́n dé orí siginá jẹnẹrétọ̀, wọ́n gbé fóònù náà sún mọ́ ojú. Wọ́n fi àtàǹpàkò ra ojú dígí níbi tí bọ́tìnnì rìbìtì náà wà, wọ́n gbìyànjú láti yí i.

"Ṣé ọmọdé lè yí i níbí?"

"Rárá, sà. Wíwò ni."

Wọ́n dá fóònù padà fún mi.

Àwọn onírin àlòkù ti fi òṣùwọ̀n wọn àpótí mẹ́tàdínlógún náà lọ, pẹ̀lú ìṣó lórí, bí wọ́n ti sọ fún mi ní ilé-ẹ̀kọ́ wa àtijọ́ ní Ọ̀yọ́. Nígbà tiwa, ẹ̀rọ wà, olùkọ́ wà, àyè ni kò sí. Nísinsìnyí ọmọ mi ní ẹ̀rọ tí ó ju tiwa lọ nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀. Bí ó bá bàjẹ́, a ó ju ú nù, a ó ra òmíràn, kò sì sí ẹni tí yóò tú ẹ̀yìn rẹ̀ láti ké àgò sínú rẹ̀. Ìgbà wo ni ó sàn jù? Mo ti ń sọ fún àwọn ọmọ mi pé ìgbà tiwa ni. N kò sọ ọ́ mọ́. Ojú-ewé siginá jẹnẹrétọ̀ ṣì wà lórí wẹ́bsáìtì mi, orúkọ Tíṣà Adégòkè wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni kan ṣoṣo tí ó fi í ṣiṣẹ́ rí, fún ọjọ́ mẹ́ta. Lábẹ́ rẹ̀ mo kọ orúkọ mi gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó fẹjọ́ wọn sùn, mo sì fi àyè sílẹ̀ fún àwọn yòókù.