Labalábá Ìdí Ọsàn Wẹ́wẹ́

"Má fọwọ́ kàn án!"

Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ti gbá ọwọ́ mi dànù kí n tó mọ̀. Aró ọwọ́ wọn lẹ̀ mọ́ mi lára. Lórí igi ọsàn wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́yìn ìkòkò aró wọn ni kòkòrò náà wà. Lánàá ó ṣì ń jẹ ewé bí ẹni tí ìyàn mú. Bí a bá tọ́ ọ, á yọ ìwo pupa méjì, á sì máa rùn. Lónìí ó ti fi okùn tín-ín-rín so ara rẹ̀ mọ́ ẹ̀ka, kò mira mọ́, ó ti di èèpo kan tó tutù yọ̀yọ̀ bí ewé.

Bàbá mi wà pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun Ẹ̀gbá ní Ìjàyè nígbà náà. Ojoojúmọ́ ni mo ń béèrè ìgbà tí wọn yóò dé, títí ó fi sú ìyá àgbà. Wọ́n nawọ́ sí èèpo náà.

"Ṣé o rí i? Kí ìyẹn tó di labalábá, bàbá rẹ á ti dé."

"Ṣé ó dá yín lójú, ìyá àgbà?"

"Ẹnu àgbà lobì ti ń gbó."

Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti sinmi. Bí òórùn ẹ̀lú inú ìkòkò aró bá ti lù mí nímú láàárọ̀, ìdí igi yẹn ni mò ń sáré lọ. Àwọn tó sá fógun ń gba ọ̀nà Odẹ́dá wọ̀lú. Ìyá àgbà a fi aró sílẹ̀, wọn a lọ béèrè bàbá mi lọ́wọ́ àwọn tó ń wọ̀lú náà. Bí wọ́n bá padà dé, ìdí ìkòkò aró ni wọ́n ń padà sí. Wọn a kàn máa ti aṣọ bọ aró, wọn a tún fà á yọ.

Ọjà mẹ́rin kọjá, èèpo yẹn kò là. Inú mi ń dùn pé àyè ṣì wà fún bàbá mi láti dé, ẹ̀rù sì ń bà mí. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni mo wò ó dáadáa. Èyí tí mò ń ṣọ́ tutù bí ewé. Èyí rí bí èèpo igi, òwú tí wọ́n pa láró ni wọ́n sì fi so ó mọ́ ẹ̀ka. Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Labalábá ti fò lọ, bàbá mi kò dé, ìyá àgbà sì ti wá òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Mo bojú wẹ̀yìn. Ìyá àgbà ń wò mí.

"Ó kù díẹ̀, àbí?" ni wọ́n bi mí.

Àgbà ló wá ń bi ọmọdé.

"Ó kù díẹ̀, ìyá àgbà."

Bàbá mi kò padà. Ẹ̀ẹ̀mejì sí i ni èèpo ṣófo lórí igi yẹn. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, èmi ni mo wá òmíràn so kí wọ́n tó jáde síta. A kò bá ara wa sọ ọ́ títí wọ́n fi kú.

Èmi náà ti hu ewú báyìí. Bí ọmọ kan bá bi mí pé ìgbà wo ni ẹni tó lọ yóò dé, igi ọsàn wẹ́wẹ́ yẹn ni mo máa ń rántí. Mi ò lè purọ́, mi ò sì láyà àtisọ òótọ́. Ọwọ́ ọmọ náà ni mo máa ń dì mú, tí a ó jọ máa wo ojú ọ̀nà.