Bàbá Ẹ-Ò-Ná-An àti Owó Ìjọba

Lọ́dún 1988, nínú ọ́fíìsì ìjọba kan tí kò jìnnà sí Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n pe Bàbá Mìkáílù oníṣẹ́-awọ, ará Ọ̀yọ́, wọlé síwájú ìgbìmọ̀ tó ń pín owó ìrànwọ́ fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Wọ́n sọ fún un pé ìjọba ti fọwọ́ sí ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà tó béèrè, pé kò sì ní san kọ́bọ̀ padà níbẹ̀. Àwọn tó ti wọlé ṣáájú rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, obìnrin kan tilẹ̀ bú sẹ́kún. Bàbá Mìkáílù kò dọ̀bálẹ̀, kò sì sunkún. Ó dúró bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé ilé rẹ̀ ti wó.

"Gbogbo ẹ̀?" ló béèrè.

"Gbogbo ẹ̀ ni, Bàbá," ni Ọ̀gbẹ́ni Àkànjí, alága ìgbìmọ̀ náà, fèsì.

"Ẹ ò ná an."

Alága yọ awò ojú rẹ̀. "Kí la ò ná?"

"Owó náà. Mo pè é ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún, ẹ̀yin náà ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Ẹ ò sọ pé ó wọ́n, ẹ ò bi mí pé èló ni jálẹ̀. Ọ̀gá, ṣé bí wọ́n ṣe ń ra ọjà nìyẹn?"

Rúùtù, akọ̀wé tó ń tẹ̀wé fún ìgbìmọ̀ náà, wà ní kọ̀rọ̀ nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n sì bí i sí. Ó ti tẹ orúkọ èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún tó ń tọrọ owó lọ́wọ́ ìjọba, kò sì tíì rí ẹni tó bá ìjọba jà pé èyí tí wọ́n fún òun pọ̀ jù. Háà ló ṣe lọ́kàn. Ìka rẹ̀ ṣèèṣì balẹ̀ sórí ẹ̀rọ náà, ó sì ba odidi lẹ́tà kan jẹ́.

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ni maṣíìnì tí mo fẹ́ rà," ni Bàbá Mìkáílù ń ṣàlàyé fún wọn, bí ẹni ń kọ́ ọmọdé. "Mo fi ẹgbẹ̀rún méjì lé e kí ẹ lè rí nǹkan ná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ná an. Ẹ ní ẹgbẹ̀rún méjì lẹ máa san. Èmi á ní kò gbà. Ẹ̀yin á fi díẹ̀ lé e, èmi á yọ díẹ̀ níbẹ̀, a ó sì pàdé lórí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Inú gbogbo wa á sì dùn."

"Bàbá, ìjọba kì í ná ọjà."

"Abájọ tí owó kì í fi í dúró lọ́wọ́ ìjọba."

Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí, ẹ̀rín lásán ni ì bá jẹ́. Ṣùgbọ́n alága fa fọ́ọ̀mù bàbá náà yọ, ó sì ka ìlà tó gbẹ̀yìn sókè: "Mo búra pé òótọ́ ni gbogbo ohun tí mo kọ síbí." Ìka Bàbá Mìkáílù ló wà lábẹ́ rẹ̀, tó tẹ̀ ẹ́ dúdú kirimú.

"Ẹ búra, ẹ sì parọ́," ni alága wí.

"Irọ́ kẹ̀?" Ẹnu ya bàbá náà gidi. "Ọ̀gá, iye téèyàn kọ́kọ́ pè kì í ṣe iye. Kíkí ni. Ẹni tó bá la jálẹ̀ mọ́ oníbàárà rẹ̀ lójú lẹ́ẹ̀kan náà, kò kí onítọ̀hún nìyẹn."

Alága mú bírò pupa, ó fa ìlà gbọọrọ kọjá lórí orúkọ Mìkáílù, ó sì ní kí wọ́n pe ẹlòmíràn wọlé.

Inú bí Rúùtù. Kì í ṣe sí alága, sí bàbá náà ni. Òun ló tẹ ìwé ìbéèrè rẹ̀, ó sì mọ ohun tó wà níbẹ̀. Láti kékeré ni Bàbá Mìkáílù ti ń fi òlu lu awọ, tó ń fi abẹ́rẹ́ rán an: tìmùtìmù, báàgì, àkọ̀ ọ̀bẹ. Ní báyìí ìka rẹ̀ ti le, òlu ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́jọ́ kan ti di iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan. Bí kò bá rí maṣíìnì tí wọ́n fi ń rán awọ, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Akẹ̀sán máa tì ni. Èèyàn wà nínú irú èyí, wọ́n gbé owó fún un, ó tún la ẹnu. Ta ló rán an níṣẹ́ òótọ́?

Nígbà tí Rúùtù fi máa lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Grace, tó jẹ́ tíṣà ní Ọ̀yọ́, ìtàn náà ti dé Akẹ̀sán ṣáájú rẹ̀. Wọn kò pe bàbá náà ní Mìkáílù mọ́. Bàbá Ẹ-ò-ná-an ni wọ́n ń pè é, òun náà sì ń dáhùn. Àṣé Grace alára ti kó sí i lọ́wọ́ rí.

"Mo lọ ra tìmùtìmù lọ́wọ́ ẹ̀," ni Grace wí. "Ọkọ̀ ń dúró dè mí ní gáráàjì. Ó pe ogójì náírà, mo sì san án. Ó ní òun ò gbà á. Mo bá gbé owó náà sórí tábìlì, mo gbé tìmùtìmù mi, mo bá tèmi lọ. Mo ti jókòó sínú ọkọ̀ tán kí n tó rí i, ó ń sáré bọ̀, ó di ṣòkòtò mú."

"Kí ló ní ẹ ṣe?"

"Ó ní mo gbàgbé láti ná an. Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n ná. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi níwájú gbogbo èrò ọkọ̀. 'Ẹ ní ó wọ́n. Ẹ ní ẹ rí i ní ogún náírà níbòmíràn.' Ojú tì mí. Dẹ́rẹ́bà ló bá mi ná an. Wọ́n parí ẹ̀ sí náírà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ó ka ṣéńjì mi sí mi lọ́wọ́, ó ní kí Ọlọ́run sọ wá kalẹ̀ láyọ̀."

Rúùtù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ìbínú tó ní sí bàbá náà sì bá a lọ.

Ọdún yípo. Wọ́n gbé Ọ̀gbẹ́ni Àkànjí lọ sí ọ́fíìsì mìíràn, Ọ̀gbẹ́ni Ọlọ́runtóbi dé láti Ìbàdàn. Ẹni tuntun yìí ti gbọ́n. Ó ti mọ̀ pé gbogbo ẹni tó ń béèrè owó ló ń bù mọ́ ọn, nítorí náà ìdajì ló ń fún olúkálukú, kì í sì í béèrè ìdí. Fọ́ọ̀mù Bàbá Mìkáílù sì tún dé. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀, ó sì ti ní kí ẹni tó bá òun kọ ọ́ fi ọ̀rọ̀ méjì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: "Jálẹ̀ nìyí."

Rúùtù mọ̀ pé ìdajì rẹ̀ ni wọ́n máa fún un.

"Ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀," ni Ọ̀gbẹ́ni Ọlọ́runtóbi wí, láìgbé ojú sókè.

"Ọ̀gá, ìyẹn ò lè ra maṣíìnì. Jálẹ̀ ni mo kọ."

"Gbogbo yín lẹ máa ń sọ bẹ́ẹ̀."

Bàbá Mìkáílù sún mọ́ tábìlì. "Léṣìí, mo pè é kí wọ́n ná an, wọ́n ní òpùrọ́ ni mí. Lọ́dún yìí mo sọ òótọ́, ẹ wá ń ná an. Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ wo gan-an ni ìjọba ń ná ọjà, kí n lè máa wá lọ́jọ́ náà?"

Àwọn ìgbìmọ̀ rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún pa ìka ọwọ́ òsì.

Akọ̀wé tó ń tẹ̀wé kì í sọ̀rọ̀ níwájú ìgbìmọ̀. Rúùtù mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó mọ̀ pé wọ́n lè lé òun nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti dìde kó tó rò ó tán, fáìlì ọdún tó kọjá sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún ni wọ́n fún bàbá yìí lọ́dún tó kọjá. Bàbá fúnra wọn ló ní kí ìgbìmọ̀ dín in kù sí mẹ́ta. Mo wà níbẹ̀."

Ọ̀gbẹ́ni Ọlọ́runtóbi ka ìwé náà, ó tún un kà. "Wọ́n fún un, ó ní ó pọ̀ jù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ṣé ara rẹ̀ yá?"

"Ara wọn dá ṣáṣá, sà. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni wọ́n."

Alága fọwọ́ sí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Bí yíǹkì ṣe ń gbẹ lọ́wọ́ ni Bàbá Mìkáílù tún yánu: "Alhamdulillah. Àmọ́ ṣá o, mo gba Sábó kọjá lánàá, mo sì rí maṣíìnì kan tí owó ẹ̀ kò tó..."

Rúùtù tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Láyé rẹ̀, kò tẹ àgbàlagbà lẹ́sẹ̀ rí, ó sì fojú bẹ̀ ẹ́. Bàbá náà panu mọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta ni òun àti Màálámù Ismaheel, tó ń ta ẹ̀rọ ní Sábó, fi ná maṣíìnì náà. Lọ́jọ́ kìíní wọ́n bínú síra wọn. Lọ́jọ́ kejì wọ́n jọ kírun. Lọ́jọ́ kẹta wọ́n ti di ọ̀rẹ́, wọ́n sì parí ẹ̀ sí ẹgbẹ̀rún méjì ó lé ẹgbẹ̀ta náírà. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, Bàbá Mìkáílù wọ ọ́fíìsì, ó sì gbé irinwó náírà sórí tábìlì.

"Kí lèyí?" ni alága bi í.

"Ṣéńjì ìjọba ni."

Ọ̀gbẹ́ni Ọlọ́runtóbi dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Wọ́n pe akápò, ó ní láti ọdún mọ́kàndínlógún tí òun ti ń bá ìjọba ṣiṣẹ́, òun kò rí i kí owó gba ọ̀nà yẹn bọ̀ rí. Kò sí fọ́ọ̀mù fún un. Rúùtù ló jókòó tó tẹ òmíràn: "Fọ́ọ̀mù Ẹni Tó Fẹ́ Dá Owó Padà fún Ìjọba." Ogún ni wọ́n ṣe, mọ́kàndínlógún sì kù síbẹ̀ títí di òní.

Maṣíìnì náà ṣiṣẹ́. Marufat, ọmọ bàbá náà, kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù kò sì tì. Nígbà tí Bàbá Ẹ-ò-ná-an kú lọ́dún mélòó kan lẹ́yìn náà, Rúùtù wé gèlè, ó wọkọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́ fún fídáù ọjọ́ kẹjọ. Kò sí ẹni tí kò ní ìtàn kan láti sọ nípa olóògbé, débi pé ààfáà alára dá wàásù dúró kó lè rẹ́rìn-ín tán. Rúùtù náà sọ tirẹ̀ bó ṣe máa ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì àti nílé ìgbéyàwó, ó sì parí rẹ̀ bó ṣe máa ń parí rẹ̀: "Wọ́n fi bírò pupa pa orúkọ wọn rẹ́, bàbá sì rẹ́rìn-ín dé Ọ̀yọ́."

Safurat, ìyàwó olóògbé, fà á lọ́wọ́ jókòó tì í.

"Ọmọ mi, wọn ò rẹ́rìn-ín," ló wí. "Lọ́jọ́ náà, wọn ò jẹun. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wo ọwọ́ wọn. Mo ní, 'Bàbá Marufat, kí ló dé tí ẹ ò dákẹ́ kí ẹ gba owó náà?' Wọ́n ní, 'Safurat, mo fẹ́ dákẹ́. Ẹnu mi ló kọ̀.' Wọ́n sì sunkún."

Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, Rúùtù ti rò pé bàbá náà kò mọ ohun tó ń sọ nù ni. Àṣé ó mọ̀ ọ́n délẹ̀. Àwọn méjèèjì di ara wọn mú, wọ́n sunkún, nígbà tó yá wọ́n tún rẹ́rìn-ín.

Rúùtù ṣì ń sọ ìtàn náà, ṣùgbọ́n kò parí rẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó máa ń sọ pé ẹ̀rù ba bàbá náà, pé ọwọ́ ń ro ó, pé ó fẹ́ dákẹ́ kò sì lè dákẹ́. Àwọn èèyàn á ṣì rẹ́rìn-ín, òun náà á bá wọn rín in. Àmọ́ bó bá dé ọ́fíìsì, tó ń tẹ iye tí olúkálukú ń béèrè, á dáwọ́ dúró, á wo ojú ẹni tó wà níwájú rẹ̀ bóyá onítọ̀hún máa yánu sọ jálẹ̀. Kò tíì sí ẹni tó yánu. Àárò Bàbá Mìkáílù a sì máa sọ ọ́.