Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ Ìsàlẹ̀ Ìgò

Ọjọ́ Ajé ni dókítà sọ fún mi pé òun yóò yọ ilé ọmọ mi. Ó kọ́kọ́ sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì tó dúró tì í ní èdè Òyìnbó, ó wá yí ojú sí mi, ó sọ ọ́ ní Pidgin, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Ó ní egbò kan wà ní ẹnu ilé ọmọ mi, ó wú, bí òun bá sì fọwọ́ kàn án báyìí, ẹ̀jẹ̀ ni. Ó ní irú egbò bẹ́ẹ̀ kì í gbọ́ oògùn. Bí a bá fi í sílẹ̀, yóò pa mí. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni òun yóò ṣe iṣẹ́ abẹ náà.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí. N kò tíì bímọ rí.

Port Harcourt ni a wà, lẹ́yìn òmìnira, kò tíì ju ọdún kan lọ. Télọ̀ ni ọkọ mi. Agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwa méjèèjì ti wá, ó sì gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Diobu, níbi tó ti ń rán ṣòkòtò kakí fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté. Ẹ̀jẹ̀ náà ti ń dà mí láàmú tipẹ́ kí n tó dé ọ̀dọ̀ dókítà yìí. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ oṣù. Bí ọkọ mi bá sún mọ́ mi ni ó máa ń wá, tòun ti ìrora. Nígbà mìíràn ìtọ̀ mi náà a pọ́n. Ní ibi tí a kọ́kọ́ lọ, wọ́n ní àtọ̀sí ni. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́, wọ́n gún ọkọ mi. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan wọ́n tún gún wa. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ọkọ mi kò tẹ̀ lé mi lọ mọ́.

"Ara tèmi le," ó ní. "Ìwọ lo mọ ibi tí o ti ń gbé e wá."

N kò mọ ọkùnrin mìíràn rí láyé mi. Ṣùgbọ́n ta ni n óò pè kí ó wá jẹ́rìí sí i?

Nọ́ọ̀sì fún mi ní ìwé kan pé kí ọkọ mi fọwọ́ sí i kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé. Mo gbé e fún un ní ṣọ́ọ̀bù. Ó kà á, ó tún un kà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Bí wọ́n bá yọ ọ́, kí ló kù?"

"Èmi ni mo kù," mo ní.

Ó ti ìwé náà sábẹ́ ìdì kakí kan, ó ń rán aṣọ rẹ̀ lọ.

Wọ́n tún fún mi ní ìgò méjì, pé kí n máa gbé ìtọ̀ mi wá fún àyẹ̀wò kí ọjọ́ náà tó kò. Ní òwúrọ̀ Ìṣẹ́gun, kí ènìyàn tó jí, mo tọ̀ sínú ọ̀kan, mo gbé e sí ojú fèrèsé kí n lọ wẹ̀. Ìyá àgbà kan tó ń ta aṣọ, ará Ọ̀yọ́, ni ó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa. Nígbà tí mo máa fi dé, ó ti gbé ìgò náà dání, ó ń wò ó.

"Kí lèyí? Omi tí ẹ fi ṣan ẹran?"

"Ìtọ̀ mi ni, Ìyá. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ní kí n gbé e wá."

"Èyí náà lo fẹ́ gbé síwájú ọmọ ọlọ́mọ? Ojú kò tilẹ̀ tì ọ́! Ẹnu àwọn nọ́ọ̀sì wọ̀nyẹn kò dúró o. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo Diobu yóò ti gbọ́ pé ìyàwó télọ̀ ń tọ ẹ̀jẹ̀." Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Jẹ́ kó tòrò. Da òkè rẹ̀ sínú ìgò kejì. Ìsàlẹ̀ rẹ̀, dà á nù."

Kò gbèrò ibi sí mi. Bí a ti tọ́ òun náà ni: ẹni tó ń lọ síwájú àlejò a wẹ̀, a fi àtíkè sọ́rùn, a wọ èyí tó dára nínú aṣọ rẹ̀. Mo jẹ́ kí ìtọ̀ náà tòrò. Ohun pupa kan rọra wọlẹ̀ sí ìsàlẹ̀ bí eruku. Mo da òkè rẹ̀ sínú ìgò kejì, ó mọ́ gaara. Mo da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ sí gọ́tà, mo sì fi omi lé e.

Ọkùnrin tó ń ṣe àyẹ̀wò ní ilé ìwòsàn náà ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ìgbò ni, ṣùgbọ́n ó ti ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ilà ojú mi ni ó rí tó fi kí mi lédè wa. Yorùbá rẹ̀ kò gún. Bí ó ti ń pè mí ní "ẹ" ló ń pè mí ní "o".

"Ìyàwó, ẹ káàárọ̀ o! Ọkọ ńkọ́?" Ó gbé ìgò náà sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ó wò ó, ó wo ìwé dókítà, ó wo èmi. "Ìwé yìí ní ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀. Èyí mọ́ ju omi tí mò ń mu nílé."

"Ó máa ń lọ, ó máa ń bọ̀, sà," mo ní.

"Lọ mú òmíràn wá lọ́la."

Mo tún un ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì, àti lọ́jọ́ kẹta. Ó ń fi awò rẹ̀ wò ó, awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, kò rí nǹkan kan. Lọ́kàn mi mo ń dúpẹ́. Mo rò pé bí ìtọ̀ mi bá mọ́, wọn kò ní lè fi orúkọ aṣẹ́wó kún ìyókù ìpọ́njú mi.

Ní Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ kejì, ọkọ mi fọwọ́ sí ìwé náà. Ó fi lé orí ibùsùn, ó jáde. N kò mọ̀ bóyá àánú mi ló ṣe é tàbí ó ti sú u.

Wọ́n gbà mí sí ibùsùn ní Ọjọ́rú. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọ̀sán pọ́n, ọkùnrin aláyẹ̀wò wá gba ẹ̀jẹ̀ lápá mi. Ó ti so okùn mọ́ mi lápá kó tó béèrè pé:

"Ìgò tí ẹ ń gbé wá, ṣé tìrẹ ni lóòótọ́?"

Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé bí wọ́n bá ká irọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, wọ́n lè lé mi jáde tòun ti egbò mi kí n lọ kú sílé. Mo jẹ́wọ́. Mo ní tèmi ni, ṣùgbọ́n òkè rẹ̀ ni mò ń gbé wá, mò ń da ìsàlẹ̀ nù nítorí ojútì.

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ìyàwó, ẹ mọ ògì í sẹ́?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Bí ògì bá silẹ̀, kí lò ń dà nù?"

"Omi orí rẹ̀ ni."

"Hẹ̀n-ẹ́n. O da ògì nù, o wá ń gbé omi orí rẹ̀ wá fún mi! Ọjọ́ mẹ́ta!" Ó tú okùn lápá mi. "Nílé, odò wo lẹ ti ń wẹ̀?"

Mo sọ fún un nípa odò ẹ̀yìn oko wa, níbi tí a ti ń rẹ ẹ̀gẹ́, tí a ti ń fọ aṣọ, tí a wà nínú rẹ̀ dé ìbàdí láti òwúrọ̀. Àwọn ọmọkùnrin a máa tọ ẹ̀jẹ̀, wọ́n á dúró lórí ìlà kan, wọ́n á máa du ẹni tí tirẹ̀ pọ́n jù. Àtọ̀sí ajá ni wọ́n ń pè é. A ò kà á sí àrùn.

"Ẹ̀yin ọmọbìnrin ńkọ́?"

"Àwa ń lóṣòó ni, sà. Ta ni yóò wo tiwa?"

Ó ní kòkòrò kan ló wà nínú irú omi bẹ́ẹ̀, tó ń gba awọ ara wọlé, tó ń yé ẹyin sí ilé ìtọ̀, tó sì lè yé e sí ẹnu ilé ọmọ obìnrin. Ìgbín tó ń gbé e kiri kì í gbé inú omi iyọ̀. "Omi iyọ̀ ló yí wa ká níbí, láti Amadi-Ama dé èbúté. Omi yìí ló tọ́ dókítà yẹn dàgbà. Kò ro kòkòrò yìí sí ọ rárá."

Ó mú mi lọ sí ìdí àtẹ̀gùn, ó ní kí n gùn ún lọ gùn ún bọ̀, nítorí ọ̀sán ni ẹyin náà máa ń jáde, bí ara bá ti mì. Mo gòkè, mo sọ̀kalẹ̀, mo tún gòkè. Ọkùnrin kan tó ń fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rìn ń wò mí.

"Madam, you wan join sója?" ó ní. Àwọn tó jókòó tì í rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà mo tọ̀, mo gbé gbogbo rẹ̀ fún un títí kan ẹ̀kán ìkẹyìn, tó pọ́n bí epo. Kò pẹ́ tó fi pè mí wọlé kí n fi ojú mi wò ó. Ohun tí mo rí dà bí hóró ẹ̀gúsí kan tó ní ẹ̀gún ṣóńṣó ní ìdí. Bíi mẹ́fà tàbí méje wọn wà níbẹ̀. Ọdún mélòó ni wọ́n ti wà nínú mi?

Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá dókítà. Nígbà tó padà, ojú rẹ̀ kò tú ká.

"Ó ní ẹyin inú ìtọ̀ kò sọ ohun tó wà ní ẹnu ilé ọmọ. Ènìyàn lè ní méjèèjì. Lọ́la, kó tó bẹ̀rẹ̀, yóò gé ẹran bíńtín kan níbi egbò náà fún mi. Bí n kò bá rí ẹyin nínú rẹ̀, yóò yọ ọ́."

Báyìí ni mo ṣe sùn sórí tábìlì ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀. Wọ́n so ẹsẹ̀ mi méjèèjì sókè. Nọ́ọ̀sì kan di ìbòmú tí wọ́n fi ń kun ènìyàn lóorun mú, ó ń retí àṣẹ. Dókítà gé e; ó ta mí dé ọpọlọ. Wọ́n gbé e jáde nínú àwo kékeré. A wá ń dúró. Mò ń gbọ́ bí omi ṣe ń kán nínú báṣíà. Mo gbàdúrà pé kí kòkòrò ti jẹ mí dáadáa. Ṣé irú àdúrà tó yẹ kí ènìyàn gbà nìyẹn? Òun ni mo gbà.

Ọkùnrin aláyẹ̀wò kò wọlé. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, ó bá dókítà sọ̀rọ̀ lédè Òyìnbó. Dókítà béèrè nǹkan kan, ó dáhùn, ó tún béèrè, ó tún dáhùn. Dókítà bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀.

"Àǹtí, stand up," nọ́ọ̀sì sọ ní Pidgin, ó ń tú ẹsẹ̀ mi. "E don finish. No knife."

N kò lè dìde. Àwọn méjì ni wọ́n gbé mi sọ̀kalẹ̀.

Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi wò mí burú. Inú iṣan ni wọ́n ń gún un sí. Kí wọ́n tó fà á yọ, mo ti ń wúkọ́, mo ti ń bì, àyà mi ń lù kìkì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n kú. Ọkọ mi wá lójoojúmọ́. Kò tọrọ àforíjì, ó ń gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá.

Nígbà tí abẹ́rẹ́ pé, dókítà yẹ̀ mí wò. Ó ní egbò náà ti ń pa ojú dé, ẹ̀jẹ̀ kò jáde nígbà tí òun fọwọ́ kàn án. Mo bi í bóyá n óò bímọ. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó nù ún, ó tún fọ̀ ọ́.

"N kò mọ̀," ó ní.

Òótọ́ ló sọ. Ó tó ọdún márùn-ún sí i tí a fi gbé ìlú náà kí a tó kẹ́rù sá padà sílé nígbà tí ogun ń bọ̀. Oyún kan ṣoṣo ló dúró sí mi lára láàárín ìgbà náà, kò sì pé oṣù mẹ́ta.