Ìjókòó Kẹtàdínlógún

Títí dòní, ọ̀rọ̀ ọjọ́ tí káfíńtà tí wọ́n ń pè ní Jẹ́-n-wọ̀n-ọ́n wọ ṣọ́ọ̀bù alùpùpù kò tíì tán lẹ́nu àwọn èèyàn àdúgbò. Ó kó àgọ́ kan dání, ẹní méjì, sítóòfù, kẹ́tùlù àti kẹ́ẹ̀gì omi. Ó kó ìyàwó rẹ̀ náà mọ́ ọn. Ó yan maṣíìnì pupa kan lẹ́bàá fèrèsé, ó di gbogbo ẹrù náà sẹ́yìn rẹ̀, ó gùn ún, ó ní kí ìyàwó òun gun ẹ̀yìn. Bí wọ́n ṣe jókòó sójú kan nìyẹn, wọn ò lọ, wọn ò bọ̀. Wákàtí kan kọjá. Oníṣọ́ọ̀bù nu gbogbo maṣíìnì tó yí wọn ká títí ó fi sú u.

"Bàbá, ṣé ẹ máa rà á ni?"

"Ẹ ṣe sùúrù," ni Jẹ́-n-wọ̀n-ọ́n wí, ó di ọwọ́ maṣíìnì mú gírígírí. "A ò tíì dé ìdajì ọ̀nà."

Ìyàwó rẹ̀ fi ìborùn bojú. Ẹnì kan tó wọlé wá ra táyà rí wọn, ó ní, "Ẹ kú ìrìnàjò o." Ọkùnrin náà ò tiẹ̀ wẹ̀yìn. Ó ní, "Ẹ ṣeun. Ọ̀nà ò burú."

Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Téèpù kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, kódà ó máa ń wọn búrẹ́dì kó tó gé e. Lọ́jọ́ tí ọmọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin wá kí i, kò tíì jókòó tí bàbá fi na téèpù láti èjìká rẹ̀ kan dé ìkejì. Òógùn bo ọmọ ọlọ́mọ. "Ara ẹ balẹ̀," ni bàbá wí. "Ibùsùn ni mo fẹ́ kàn, kì í ṣe pósí."

Nígbà tó pé ọgọ́ta ọdún, ó gbé ayùn kalẹ̀. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kan ibùsùn fún àwọn tó ń sùn nínú ilé. Ó tó gẹ́ẹ́. Ìta lèmi àti ìwọ á máa sùn báyìí. A ó ra alùpùpù tó lè gbé àwa méjèèjì àti àgọ́ wa, a ó máa lọ láti odò dé odò."

"Ṣé mọ́tò ò dáa ni?"

"Nínú mọ́tò, fèrèsé lèèyàn ń wò. Ọ̀nà ni mo fẹ́ wò."

Àmọ́ yíyàn rẹ̀ ò rọrùn. Èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lágbára ga jù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tólẹ̀, bí ẹrù bá sì tẹ̀ sápá kan, gbogbo wọn ló máa ṣubú. Èyí tó kéré rọrùn láti dì mú, ṣùgbọ́n bó bá kan òkè, á máa mí bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn. Òmíràn gbà wọ́n dáadáa, kò kàn níbi tí wọ́n lè so àpótí mọ́ ni. Ó kó ẹrù lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ mẹkáníìkì, tó ní òṣùwọ̀n ńlá. Tọkọtaya náà gun òṣùwọ̀n pẹ̀lú ẹrù wọn.

"Háà, èyí pọ̀ jù," ni mẹkáníìkì wí.

"Ta ló wúwo jù níbẹ̀?"

Mẹkáníìkì wo ọkọ, ó wo ìyàwó. Ìyàwó náà tẹjú mọ́ ọn. Ó ní, "Àgọ́ ni."

Lọ́dún kẹta, wọ́n rí i: maṣíìnì tí kò ga, tó lágbára níwọ̀nba, tí àyè àpótí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Inú Jẹ́-n-wọ̀n-ọ́n dùn débi pé ó gbàgbé láti wọn ohunkóhun. Ó kàn bi ìyàwó rẹ̀ pé, "Ìjókòó yẹn ńkọ́?"

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, ìyàwó rẹ̀ ti rí maṣíìnì kan tó fọ́ yángá lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ẹ̀rù bà á, ojú sì ń tì í láti sọ ọ́. Ó ní, "Ó le. Ó ń dun ẹ̀yìn mi."

Ọkọ rẹ̀ ò jiyàn. Ó yọ téèpù. Láti ọjọ́ yẹn, ìjókòó ló ń ṣe: oní-fóòmù, olówùú, aláwọ, èyí tó ní ihò láàárín. Á gbé e kalẹ̀, ìyàwó rẹ̀ á jókòó lé e.

"Èyí ńkọ́?"

"Ó sàn díẹ̀."

Ọdún mẹ́fà ni "ó sàn díẹ̀" gbà lọ́wọ́ wọn.

Ní ìgbà tó gbé ìkẹtàdínlógún dé, ìyá rí i pé ọkọ òun sinmi lẹ́ẹ̀mejì kó tó gun àtẹ̀gùn ilé tán. Kò jẹ́ kó béèrè. "Èyí dáa," ló wí. "Ẹ lọ ra maṣíìnì yẹn."

Wọ́n lọ sí odò kan ṣoṣo. Jẹ́-n-wọ̀n-ọ́n rọra gùn ún débi pé oníkẹ̀kẹ́ kan kọjá wọn, ó sì dúró bi wọ́n pé ṣé maṣíìnì bàjẹ́ ni. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, wọ́n tú ẹrù. Ẹni tó fi ọdún mẹ́sàn-án wọn gbogbo nǹkan ti gbàgbé igi àgọ́ sílé. Òjò ọ̀sán dé. Wọ́n ta aṣọ àgọ́ lé maṣíìnì lórí, wọ́n ká gúlútú sábẹ́ rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ìyá ti jẹ́wọ́. "Bàbá, ìjókòó àkọ́kọ́ yẹn, kò le. Ẹ̀rù ló ń bà mí."

Ọkùnrin náà yíjú sí i. "Ọdún mẹ́fà," ló wí. "Èmi rò pé fóòmù ni." Ó bú sẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ò bá sọ fún mi. Ǹ bá rọra gùn ún."

"Ṣé ẹ lè rọra ju tòní lọ ni?"

Wọ́n dárúkọ odò mẹ́rin mìíràn tí àwọn á tún lọ kí òjò tó dá. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, níbi tó ti ń wọn àpótí ẹrù lọ́sàn-án gangan, ọkàn rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀. Kò tíì kọ ìwọ̀n náà sílẹ̀.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, oníṣọ́ọ̀bù ń sọ tirẹ̀, mẹkáníìkì ń sọ tirẹ̀, ẹ̀rín sì gba ilé kan. Ìyá náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí àlejò tán, ó jókòó, ó ń ṣírò iye odò tí ìbá wọ inú ọdún mẹ́fà.

Ọdún yípo. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ti kọ́ alùpùpù gígùn, gbé maṣíìnì náà síta láàárọ̀, ó ní kí àwọn lọ wo ọ̀kan nínú odò mẹ́rin yẹn. Ìyá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó na ọwọ́ sí ìjókòó, ó tún fa ọwọ́ náà padà.

"Mọ́mì, kí ló dé?"

"Ẹ̀rù ń bà mí," ló wí, ó sọ ọ́ síta kó má bàa lè kó ọ̀rọ̀ náà jẹ.

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà," ni ọmọ wí. "Ẹ gùn ún, kẹ́ ẹ dì mí mú."

Ó gùn ún, ó sì dì í mú.