Kupuasú Ẹ̀yìnkùlé Zulmira

Nínú gbogbo wa tí ilé wa wà létí odò Guamá ní Belém, kò sẹ́ni tó mọ kéèkì ṣe tó Deusarina. Òun ló ń ṣe kéèkì ìrìbọmi àti ti ìgbéyàwó fún àdúgbò, a ò sì gbọ́ ọ rí pé ó mú ohun olóhun.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, Jaciara ọmọ rẹ̀ ti São Paulo dé pẹ̀lú oyún. Ohunkóhun tó bá jẹ, yóò bì í.

"Màmá, kéèkì kupuasú yín nìkan ló ń wù mí."

Ṣùgbọ́n òjò ti lu òdòdó igi kupuasú, èso olóòórùn dídùn ilẹ̀ wa, dànù lọ́dún náà. Kupuasú tó kù lọ́jà ti dì gbagidi bíi yìnyín, kò sì ní òórùn kankan mọ́.

Zulmira, opó tó ń gbé ilé kejì, ní igi kupuasú kan. Ọkọ rẹ̀ ló gbìn ín, ó sì kú kí igi náà tó so. Ọdún yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ so, èso méjì péré. A kì í ká kupuasú lórí igi. Tó bá gbó, á já bọ́ fúnra rẹ̀. Àràárọ̀ ni Zulmira ń lọ wò ó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Zulmira jáde, Deusarina gbọ́ gbì, ó tún gbọ́ gbì. Ó gba ibi tí ọgbà ti ya wọlé. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun kàn fẹ́ bá Zulmira gbé èso náà kúrò nínú òjò ni. Kó tó mọ̀, ó ti fọ́ èèpo wọn nínú ilé ìdáná tirẹ̀, ó ń fi àlùmọ́gàjí gé ara èso funfun náà kúrò lára kóró. Ó pò ó mọ́ ìyẹ̀fun, bọ́tà, ẹyin àti ṣúgà, ó gbé e sínú ààrò.

Jaciara jẹ ègé mẹ́ta, kò bì. Ó sùn fọnfọn. Deusarina fúnra rẹ̀ ò lè fẹnu kan kéèkì náà.

Nígbà tí Zulmira dé, ó dúró pẹ́ lábẹ́ igi. Lẹ́yìn náà ló kígbe láti orí ọgbà:

"Eládio ni. Ọ̀mùtí yẹn ti jí èso ọkọ mi. Deusarina, ṣé o rí i nígbà tó wọlé?"

Eládio ni bàbá arúgbó tó ń sùn lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ Zulmira, tí Zulmira ń fún ní kọfí láràárọ̀.

"Èmi? Ilé ìdáná ni mo wà, ẹ̀gbọ́n mi."

Eládio gbọ́, ó ká ẹní rẹ̀, ó forí lé èbúté.

Láti ọjọ́ náà ni ara ti ń ni Deusarina. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò lè lọ gba ara Olúwa. Tí Jaciara bá ní kó ṣe òmíràn, á jágbe mọ́ ọn: "Má dárúkọ kéèkì sí mi létí." Nígbà tí kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó lọ bá Zulmira, ẹni tó ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni. Ẹ má bú Eládio mọ́."

Zulmira ò gbójú sókè. "Mo mọ̀. Ta ni kò mọ òórùn kupuasú nínú ààrò? Mo fọ abọ́ sílẹ̀ dè ọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ká ní o béèrè, mi ò ní fi du aboyún. Ègé kan ni mò ń retí, kí n lè mọ adùn ohun tí ọkọ mi gbìn."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi ka ẹ̀sùn sí Eládio lẹ́sẹ̀?"

Zulmira gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Kí o lè sọ̀rọ̀ ni. Mo rò pé ojú á tì ọ́ kílẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. O ò sọ̀rọ̀, èmi náà ò lè yí ohùn mi padà mọ́."

Àwọn méjèèjì jọ wá Eládio lọ sí èbúté. Wọ́n bá a níbi tó ti ń tún àwọ̀n ṣe. Zulmira bẹ̀ ẹ́, ó bu kọfí tó gbé dání fún un. Eládio mu ún tán.

"Kọfí yín ṣì dùn, ìyá. Ṣùgbọ́n mi ò ní padà. Tí nǹkan bá tún sọ nù, èmi náà lẹ máa kọ́kọ́ wò."

Deusarina ò lè wojú rẹ̀. Eládio ló bá a sọ̀rọ̀: "Ọmọ ẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹun?"

"Ó ń jẹun, bàbá."

"Ó dáa náà."

Jaciara bí ọmọ rẹ̀ láyọ̀. Lọ́dún kejì, igi so dáadáa, Zulmira sì fúnra rẹ̀ gbé èso fún Deusarina pé kó fi ṣe kéèkì. Zulmira jẹ ègé tirẹ̀, ó sunkún díẹ̀, ó ní kò dùn tó bóun ṣe rò. Deusarina di ègé ti Eládio sínú ewé, ó gbé e lọ sí èbúté. Bàbá náà gbà á, ó dúpẹ́, ó sì tẹjú mọ́ àwọ̀n rẹ̀.